Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Máa Fi Òṣùpá Ra Ṣíà?

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé wa tó kọjá tí a kò fẹ́ kí ó parí sí ẹ̀rín lásán. Nígbà tí akápò ka ìṣirò owó tán, tí ó sì sọ iye tó wà nílẹ̀ nínú owó ìpamọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dìde. Kàlẹ́ńdà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ti fi bírò pupa àti dúdú sàmì sí. Ó ní àbá tí òun mú wá ni pé kí ẹgbẹ́ bu díẹ̀ nínú owó náà, kí a máa fi ra ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nígbàkígbà tí oṣù bá ń lé lọ, kí a sì máa tà á kí òṣùpá tó di àránmọ́jú. Ó ní kì í ṣe òun ló rò ó, pé àwọn ọ̀mọ̀wé òkè-òkun ti ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ṣíà a máa mówó wọlé nígbà oṣù tuntun ju ìgbà òṣùpá àránmọ́jú lọ.

Kí ó tó jókòó, gbọ̀ngàn ti dàrú. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní, “Ọmọ mi, ṣé òṣùpá náà ti di alágbàtà ni?” Bàbá àgbà kan sì dá a lóhùn pé kí a má rẹ́rìn-ín, pé àwọn baba wa kì í ṣàdédé dáwọ́ lé nǹkan láìwo ojú ọ̀run. Alága wá ní kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ìdí rèé tí a fi mú gègé.

A ò ní fi èrò wa pamọ́ di ìsàlẹ̀ ìwé. A kò fara mọ́ àbá náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò purọ́, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Ó ka ìwé, ó sì gbé ohun tó kà wá síwájú ẹgbẹ́ ní gbangba, dípò kí ó máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn owó òjijì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìdáhùn tó nítumọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ RÍ

Kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ṣíà jẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, tí ó sì ta á fún ará ìlú, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ṣíà. Ẹni tó bá rà á ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Bí èrè bá wọlé, ó lè kàn án níbẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ tà á, yóò gba ọwọ́ alágbàtà lọ sí ọjà ṣíà, níbi tí wọ́n ti ń ná an bí àwa náà ti ń ná iṣu àti gàrí. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó láti ọdún 1961.

Ní ọdún 2001, ọ̀mọ̀wé méjì láti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, Ilia Dichev àti Troy Janes, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó iye owó ṣíà Amẹ́ríkà jọ fún nǹkan bí 100 ọdún, wọ́n sì kó ti orílẹ̀-èdè 24 mìíràn jọ fún nǹkan bí 30 ọdún. Oṣù ojú ọ̀run kan jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àbọ̀. Wọ́n pín in sí méjì: ọjọ́ 15 tó yí oṣù tuntun ká, àti ọjọ́ 15 tó yí òṣùpá àránmọ́jú ká. Wọ́n rí i pé èrè orí ṣíà nínú ìdajì oṣù tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìdajì kejì.

Ní ọdún 2006, àwọn mẹ́ta mìíràn, Kathy Yuan, Lu Zheng àti Qiaoqiao Zhu, gbé tiwọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ọjà ṣíà orílẹ̀-èdè 48. Àwọn náà ní ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ká ní náírà ni wọ́n ń ná, ohun tí wọ́n rí ni pé èrè ìgbà òṣùpá àránmọ́jú fi nǹkan bí náírà 3 sí náírà 5 lórí náírà 100 kéré sí ti ìgbà oṣù tuntun, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Kí ló wá fà á? Èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé ọkàn ènìyàn ni òṣùpá ń bá wí. Wọ́n ní bóyá òṣùpá àránmọ́jú kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn dáadáa, tàbí kí ó mú ọkàn wúwo, tí olówó á fi máa bẹ̀rù láti ra nǹkan. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland gbé àbájáde kan jáde nípa ènìyàn 33 tí wọ́n sùn nínú yàrá ìwádìí tí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kò lè wọ̀. Wọ́n ní ní àkókò òṣùpá àránmọ́jú, oorun àwọn ènìyàn náà fi nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú dín kù. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn? Ṣùgbọ́n ènìyàn 33 kéré o. Ọ̀nà sì jìn láti orí ibùsùn ènìyàn 33 dé inú ọjà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń ná owó.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ó

Àwa oníṣòwò mọ̀ pé owó tí a rí lórí ọjà kọ́ ni èrè. Èrè ni ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ìsọ̀ àti owó orí. Ẹ jẹ́ ká yọ ti òṣùpá náà wò.

Ká gbà pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà sọ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Oṣù a máa lé ní ìgbà 12 tàbí 13 lọ́dún. Bí a bá rà lẹ́ẹ̀kan tí a sì tà lẹ́ẹ̀kan lórí oṣù kọ̀ọ̀kan, ó di ìgbà 24, ó kéré tán, tí a ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà láàárín ọdún kan. Alágbàtà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Yóò gba tirẹ̀, ọjà ṣíà yóò gba tirẹ̀, ìjọba náà yóò na ọwọ́. Ká ní gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju náírà 1 lọ lórí náírà 100 nígbà kọ̀ọ̀kan. Náírà 1 lọ́nà 24 jẹ́ náírà 24. A wá fi náírà 24 lépa náírà 5!

Ẹlòmíràn lè ní a ti sọ owó náà di púpọ̀ jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ṣàánú wa, wọ́n gba kọ́bọ̀ 25 péré lórí náírà 100. Kọ́bọ̀ 25 lọ́nà 24 jẹ́ náírà 6. Bí òṣùpá bá mú náírà 5 wá, a ṣì jẹ gbèsè náírà 1. A ò tíì sọ pé iye tí wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ wa kì í tó iye tí wọ́n ń tà á fún wa lọ́jọ́ kan náà. Ìyá aláṣọ, bí ẹ bá wọ mọ́tò lọ sí Èkó nígbà 24 nítorí èrè orí aṣọ kan ṣoṣo, ṣé ẹ ó pè é ní òwò?

Nítorí náà, bí òṣùpá bá tiẹ̀ ń ti ọjà ṣíà, àwọn alágbàtà ni yóò jẹ èrè rẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ wa.

ÀWỌN ỌJỌ́ TÍ ỌJÀ DOJÚ DÉ

Ohun kejì tó ń bà wá lẹ́rù nìyí. Àwọn tó ń fi òṣùpá ná ọjà ní ìdajì oṣù tuntun ni ìgbà ire. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọjọ́ tí ọjà ṣíà New York, tó tóbi jù lágbàáyé, dojú dé, kí a sì wo ibi tí òṣùpá wà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1929, òṣùwọ̀n Dow Jones tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà náà ti ń lọ já wálẹ̀ ní nǹkan bí dọ́là 13 lórí dọ́là 100. Lọ́jọ́ kejì ó tún já ní nǹkan bí 12 lórí 100. Oṣù tuntun bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Ìdajì tí wọ́n pè ní ìgbà ire gan-an ni ọjà ti wó.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ọjà náà pàdánù ju dọ́là 22 lọ lórí 100 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Títí di òní, kò tíì sí ọjọ́ kan tó burú tó bẹ́ẹ̀ fún òṣùwọ̀n náà. Oṣù tuntun bọ́ sí ọjọ́ 22. Ìgbà ire náà tún ni!

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, òṣùwọ̀n náà já ní ojú àmì 777. Ọjọ́ oṣù tuntun gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin mùsùlùmí tí ẹ wà láàárín wa yóò rántí pé oṣù tí wọ́n ń retí kí wọ́n lè ṣe ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà ni. Nígbà tí a ń wo ojú ọ̀run fún ọdún, àwọn ará New York ń wo ilẹ̀ fún owó wọn tó dànù.

Ṣé ìgbà òṣùpá àránmọ́jú ló wá burú? Ó burú nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń tàn káàkiri, òṣùwọ̀n náà já ní ojú àmì tó lé ní 2,000, òṣùpá àránmọ́jú sì ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, ó tún já ní nǹkan bí 13 lórí 100, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ààbọ̀ òṣùpá ló wà lókè lọ́jọ́ náà. Oṣù tuntun, ọjà wó. Òṣùpá àránmọ́jú, ọjà wó. Ààbọ̀ òṣùpá, ọjà wó.

A mọ̀ pé ọjọ́ mélòó kan kò lè fagi lé ìṣirò 100 ọdún, a ò sì fẹ́ fi ẹ̀tàn bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí à ń sọ ni pé nǹkan bí náírà 5 tí òṣùpá ń ṣèlérí lọ́dún kò lè gba ẹni tó pàdánù náírà 22 lọ́jọ́ kan sílẹ̀. Bí a bá pín ọ̀pọ̀ ọdún jẹ, ó lè jọ èrè. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa kì í san owó ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìpíndọ́gba 100 ọdún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gba owó yín ni a gbọ́dọ̀ san án.

ẸLẸ́RÌÍ TÓ GBỌ́Ọ LẸ́NU ARA WỌN

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Orílẹ̀-èdè 48 ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn ló ń purọ́ ni?” Rárá o. Ṣùgbọ́n àwọn ọjà ṣíà ayé kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó wá láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí New York bá wúkọ́, London a sín, Tokyo a sì kóòfìrì. Bí ẹlẹ́rìí 48 bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ara wọn, adájọ́ tó gbọ́n kò ní kà wọ́n sí ẹlẹ́rìí 48.

Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá kó nǹkan 20 tí kò kan ọjà jọ, tí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé iye owó ṣíà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ṣe bí ẹni pé ó ń bá ọjà rìn. Ọ̀gbẹ́ni David Leinweber ará Amẹ́ríkà fi èyí dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá inú àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi nǹkan, ó sì rí i pé bọ́tà tí wọ́n ń ṣe ní Bangladesh bá ọjà ṣíà Amẹ́ríkà rìn ní ọdún bíi mẹ́wàá. Ó fi ṣe àwàdà ni, kí àwọn ènìyàn lè mọ bí ìṣirò ti ń tan ni jẹ. Síbẹ̀ a gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ mọ iye bọ́tà ọdún tó ń bọ̀!

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, William Stanley Jevons, tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé àmì dúdú tó máa ń hàn lójú oòrùn ló ń fa ìdáwódúró òwò. Àlàyé rẹ̀ kò burú: ó ní oòrùn ń ti ojú ọjọ́, ojú ọjọ́ ń ti ìkórè, ìkórè sì ń ti òwò. Nígbà tí wọ́n ní àwọn àmì náà ń padà wá ní nǹkan bí ọdún 10 àbọ̀, ó rí i pé wàhálà òwò náà ń wá ní nǹkan bí ọdún 10 àbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó tún un kà lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé nǹkan bí ọdún 11 ni ti oòrùn, òwò kò sì tẹ̀lé e. Bí ọlọ́gbọ́n bí ẹni yẹn bá lè ṣìnà nítorí pé iye méjì jọra, kí ni ká ti wí nípa tiwa?

IBI TÍ ÒṢÙPÁ TI Ń TI ỌJÀ

Bàbá wa tó ní kí a má rẹ́rìn-ín kò jayò pa. Òṣùpá ń ti ọjà ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti ń tì í, ojú wa ń rí ọwọ́ tó fi ń tì í.

Àwọn apẹja tí ń fi iná kó ẹja jọ lóru mọ̀ pé bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rekete, ẹja kì í sáré wá sídìí iná. Bí ẹja bá wọ́n létí omi, á gbówó lórí lọ́jà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ ọjà alẹ́ kí iná mànàmáná tó dé, ṣebí ẹ mọ̀ pé alẹ́ òṣùpá ni èrò máa ń pẹ́ lọ́jà jù? Èyíinì kò nílò ọ̀mọ̀wé.

Ẹ tún wo ti ààwẹ̀. Kí oṣù Ràmàdáánì tó lé, oníṣúgà àti ẹni tó ń ta èso ti ń kó ọjà pamọ́. Kí Iléyá tó dé, owó àgbò a máa fò sókè. Ọdún tí òṣùpá ń kà fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti kàlẹ́ńdà ara ògiri, oníṣòwò tí kò bá sì ṣọ́ òṣùpá yóò kó ọjà rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ọdún ti kọjá. Kódà nínú ọjà ṣíà pàápàá, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2012 wo orílẹ̀-èdè 14 tí mùsùlùmí ti pọ̀ jù, láti ọdún 1989 sí 2007, ó sì rí i pé èrè orí ṣíà pọ̀ gan-an nínú oṣù ààwẹ̀ ju ìyókù ọdún lọ. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kọ́ ló ṣe é. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe pọ̀ nínú oṣù náà ni: wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń pàdé, ara wọn ń yá sí ara wọn.

Èdè wa fi orúkọ kan náà pe oṣù tó wà lókè àti oṣù tí òṣìṣẹ́ fi ń gba owó. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ọjà a máa tà nígbà tí oṣù bá parí. Ṣùgbọ́n oṣù ti òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ti òkè. Owó tó wọ àpò ló ń ná ọjà.

Ẹ wo kòkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, owó kòkó lágbàáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ló fà á? Ojú ọjọ́ kò dára, àrùn sì kọlu igi kòkó ní Ivory Coast àti ní Gáná, ìkórè wọn kò pọ̀ tó. Àgbẹ̀ tó bá ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè lè gbọ́ ọ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ká máa wá kiri.

OHUN TÍ OJÚ TIWA RÍ

A ó sọ èyí tó ń dùn wá. Ní ọdún 2004, Báǹkì Àgbà ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Láti ìgbà náà ni ìpolówó ṣíà ti gba ìgboro kan: lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Owó ṣíà sì ń lọ sókè lóòótọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ṣíà. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. A ò béèrè ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan. A ò béèrè ibi tí èrè ti ń wá. Ohun tí à ń béèrè ni, “Èwo ló tún ń lọ sókè?”

Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Èkó lé ní 66,000. Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2009 fi ń parí, kò tó 20,000 mọ́. Ẹni tó ní náírà 100 níbẹ̀ kò rí ju nǹkan bí 30 lọ. Oṣù ń lé léraléra láàárín ìgbà náà, òṣùpá ń mọ́lẹ̀ rekete léraléra, ọjà sì ń wó nìṣó.

Ìyá kan láàárín wa tí ń ta ata yá owó náà. Ṣíà rẹ̀ kú, ẹ̀yáwó kò kú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń yọ ọ́ nínú owó ata san fún wa, kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ nígbà tó parí. Kò bú wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, ó bi akọ̀wé pé, “Ta ló sọ fún yín nígbà náà pé ó dára?” A ò rí èsì fún un. Ẹnìkan ló sọ pé ẹnìkan sọ fún òun. Nítorí ìbéèrè ìyá yìí ni a kò fi lè fọwọ́ sí kàlẹ́ńdà. Bí owó bá tún ṣòfò lọ́la, ṣé a ó sọ fún un pé òṣùpá ni?

OHUN TÍ A DÁBÀÁ

Èkíní, kí owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ má ṣe wọ inú rà-á-tà-á kankan, ìbáà ṣe òṣùpá, ìbáà ṣe àlá, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ owó yìí ni ká lè yá ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra ọjà sí ìsọ̀ rẹ̀ tàbí tó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ.

Èkejì, bí ìpàdé bá gbà pé kí ẹgbẹ́ ra ṣíà, kí ó jẹ́ owó tí a kò ní nílò fún ọdún márùn-ún, kí a má sì yá kọ́bọ̀ láti fi kún un. Kí a ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn ní gbangba ìpàdé: èrè mélòó ló jẹ, gbèsè mélòó ló wà lọ́rùn rẹ̀, mélòó ló pín fún àwọn tó ni ṣíà. Kí a sì máa rà á díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń dá èsúsú. Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tán, tí ẹnìkan wá ní kí a dúró di ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù lè lé, a ò ní bá a jà. Kò pa wá lára. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìṣirò ni ìpinnu ti gbọ́dọ̀ wá.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ wa tó mú àbá wá má ṣe ju kàlẹ́ńdà rẹ̀ nù. Kí ó ra ìwé kan, kí ó máa kọ gbogbo ríra àti títà rẹ̀ sínú rẹ̀ fún oṣù 24, bí ẹni pé owó wà níbẹ̀, láìfi kọ́bọ̀ kan sí i. Kí ó máa yọ owó alágbàtà nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí ó sì máa ka ìwé náà sí wa létí ní ìpàdé ọdọọdún. Bí ó bá jèrè, a ó gbọ́. Bí kò bá jèrè, kò sí ẹni tí yóò sunkún, òun náà yóò sì ti mọ ìwé ìṣirò kà ju púpọ̀ nínú wa lọ. Irú wọn ni a fẹ́ nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oṣù lé, wọ́n ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó tún un ṣe. Ọwọ́ wa kò tó oṣù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, ọwọ́ wa sì tó àpótí ìdìbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín lẹ́yìn náà pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó ń bọ̀ bó ti wù kó ta ko tiwa tó.